Freetown àti Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Já Gbà Nínú Ọkọ̀ Ẹrú

Ní ọdún 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú. Láìpẹ́, àwọn ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ń lé ọkọ̀ tó bá kó ẹrú, wọ́n sì ń gba àwọn tó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni gbígba ènìyàn lọ́wọ́ olówò ẹrú. Níbo ni ẹni náà yóò sùn lọ́jọ́ kejì? Ta ni yóò kọ́ ọ níṣẹ́? Èdè wo ni yóò fi bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀? Ẹni tí wọ́n kó láti Èkó kò ṣeé dá padà sí Èkó, torí ọjà tí wọ́n ti tà á ṣì ń ná níbẹ̀. Freetown ní Sierra Leone ni wọ́n ń kó wọn lọ, àwọn tó sì gúnlẹ̀ síbẹ̀ títí di àwọn ọdún 1860 ju 80,000 lọ. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn gan-an, nítorí ogun Òwu àti ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé ti sọ ọ̀pọ̀ ìlú wa di ahoro. Àkú ni wọ́n ń pe àwọn ará wa níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wálé, Sàró ni orúkọ wọn.

Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé ìjọ débẹ̀. Ní 1792, àwọn aláwọ̀ dúdú bí 1,200 wọkọ̀ láti Nova Scotia ní Kánádà wá tẹ Freetown dó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tàbí òbí wọn, ti ṣe ẹrú rí ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó sá bọ́ sí ọ̀dọ̀ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kó oníwàásù wọn dání. David George, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Virginia, dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì náà ní tiwọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ Church Missionary Society (CMS), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1799, rán míṣọ́nnárì méjì àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1804 (ọmọ Jámánì ni àwọn méjèèjì), ilẹ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ti mọ orin ìjọsìn. Àwọn òpìtàn ìjọ máa ń fò èyí dá, ó sì ṣe pàtàkì sí gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e.

Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, inú ọgbà ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní King's Yard ni wọ́n ń kó àwọn èèyàn sí. Ẹnubodè rẹ̀ ṣì wà ní Freetown dòní. Akọ̀wé á kọ orúkọ kálukú sínú ìwé, á kọ ọjọ́ orí tó bá fojú bù, á sì ṣàpèjúwe ilà ojú tàbí àpá ara rẹ̀. Láti ibẹ̀, wọ́n á pín wọn káàkiri, ìpín náà kì í sì í dára fún gbogbo wọn. Wọ́n fi àwọn ọmọdé kan sọ́dọ̀ ọ̀gá pé kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́, àwọn mìíràn nínú wọn sì rí ìyà ẹrú padà níbẹ̀. Wọ́n mú àwọn ọkùnrin tó ta kébé wọ iṣẹ́ ológun. Lẹ́yìn náà, ní àwọn ọdún 1840, wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ lọ sí àwọn erékùṣù Kàríbíánì láti lọ ṣe iṣẹ́ oko ìrèké. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn yìí bí ẹni pé àánú nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó fi apá kan pamọ́.

Charles MacCarthy, tó di gómìnà ní 1814, ló mú ọ̀nà mìíràn wá. Láti 1816, òun àti CMS jọ pín àwọn abúlé orí òkè tó yí Freetown ká: Regent, Gloucester, Leicester, Bathurst, Charlotte àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Míṣọ́nnárì kan náà ni wọ́n fi ṣe àlùfáà àti alábòójútó ìjọba. Ọwọ́ tó ń ṣe ìrìbọmi ni ó ń pín aṣọ àti oúnjẹ. Ẹ̀yin náà lè fojú inú wo ìdí tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń kún! Síbẹ̀, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n la ọ̀nà, ilé ìwé sì wà fún ọmọdé lójúmọmọ àti fún àgbà ní alẹ́. Abúlé Regent, lábẹ́ W. A. B. Johnson, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ní 1823, ibà pọ́njú jà ní Freetown, ó pa míṣọ́nnárì lọ súà, Johnson náà sì kú sórí omi lọ́dún yẹn.

Ikú yìí ló sọ ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀dọ́ di ọ̀ranyàn. Bí òyìnbó kò bá lè pẹ́ lórí ilẹ̀ náà, ọmọ ilẹ̀ ni yóò ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ náà yóò parẹ́. Wọ́n ti ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan lórí òkè Leicester tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Regent. Ní 1827, wọ́n tún un dá sílẹ̀ ní Fourah Bay lábẹ́ Charles Haensel. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn.

Ìtàn Àjàyí kò ṣàjèjì sí wa, ṣùgbọ́n ibi kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà tẹnu mọ́. Ogun já ìlú wọn ní 1821, wọ́n mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn. Wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Èkó. Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí CMS ní 1837, ó jẹ́wọ́ pé òun gbìyànjú láti fún ara òun lọ́rùn pa lóru. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Myrmidon mú ọkọ̀ àwọn Potogí tí wọ́n kó wọn sí. Ẹ̀rù tún wá ba àwọn ọmọ náà. Wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́, wọ́n rí ọta àgbá tí wọ́n tò jọ, wọ́n sì gbà pé ara àti orí àwọn ẹgbẹ́ wọn nìyẹn, pé òyìnbó fẹ́ jẹ wọ́n ni. Àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò ènìyàn lónìí mọ nǹkan tí mo ń sọ: ọmọ náà kò tíì mọ̀ pé olùgbàlà ni ẹ.

Bathurst ni wọ́n mú un lọ. Ó kọ́ ìwé kíkà, ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà, John Raban sì rì í bọmi ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, níbi tó ti gba orúkọ Crowther. Asano, ọmọbìnrin tí ó wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, gba orúkọ Susan, ó di tíṣà, wọ́n sì fẹ́ ara wọn. Láìpẹ́, Àjàyí fúnra rẹ̀ ń kọ́ni ní Fourah Bay. Ohun tó mú kí ètò yẹn yọrí nìyí, lójú tèmi: ẹni àná tó wà nínú ọkọ̀ ni olùkọ́ ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lónìí. Kò sí ìwàásù òyìnbó tó lè ṣe ohun tí ojú àti ilà irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ọmọ tó ń gbọ̀n.

Èdè wa náà jàǹfààní. Raban kọ ọ̀rọ̀ Àkú sílẹ̀ láti ẹnu àwọn ẹni ìdáǹdè, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde láti 1830. Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ ní 1843, ọdún tí wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kìíní 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown.

Nígbà yẹn, àwọn ará ilé ti ń lọ sílé. Láti 1839 ni àwọn oníṣòwò Àkú ti ra ọkọ̀ ẹrú tí ìjọba gbà tí wọ́n sì tà ní gbàǹjo, wọ́n wọ̀ ọ́ dé Àgbádárìgì, àwọn Ẹ̀gbá nínú wọn sì kọjá sí Abẹ́òkúta. Kò sí míṣọ́nnárì kankan tó rán wọn. Àwọn ni wọ́n ránṣẹ́ padà pé kí ìjọ wá bá àwọn. Thomas Birch Freeman, Mẹ́tọ́díìsì, dé Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án 1842. Henry Townsend ti CMS tẹ̀ lé e, Andrew Wilhelm, Ẹ̀gbá tí wọ́n dá nídè, sì bá a dé Abẹ́òkúta níbi tí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ti gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ ní oṣù Kìíní 1843. Crowther dé ìlú náà ní oṣù Kẹjọ 1846. Kò pẹ́ síbẹ̀ tí òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ fi rí ara wọn lẹ́yìn ọdún 25. Ní 1848, ọmọ náà ló ṣe ìrìbọmi fún ìyá.

Àwọn tí Fourah Bay kọ́ ló wá di olùkọ́ káàkiri. Thomas Babington Macaulay, ọmọ àwọn ẹni ìdáǹdè, tó fẹ́ Abigail ọmọ Crowther, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà. James Johnson, tí wọ́n bí fún òbí Yorùbá ní Sierra Leone, wá di oníwàásù tí Èkó kò lè gbàgbé. Lọ́dọ̀ CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, Henry Venn akọ̀wé wọn ti ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Òun ló ti Crowther lẹ́yìn tí wọ́n fi yà á sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864.

Ṣùgbọ́n Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé láti Abẹ́òkúta pé òyìnbó kò ní sin ọmọ dúdú. Wọ́n yọ Abẹ́òkúta kúrò lábẹ́ Crowther, wọ́n fún un ní Odò Ọya àti àwọn ilẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ tó jìn, owó tí kò tó, èdè tí kò gbọ́. Venn kú ní 1873, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì dùn. Nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ 1890, àwọn míṣọ́nnárì ọ̀dọ́ tó ti Gẹ̀ẹ́sì dé jókòó nínú ìgbìmọ̀ ní Ọ̀níṣà, wọ́n dá àwọn àlùfáà Crowther dúró lójú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìwà àwọn kan lára òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò mọ́. Wọn kò wá ọ̀nà àtitún un ṣe. Ohun tí wọ́n gbé ga ni pé dúdú kò lè ṣàkóso. Bàbá tí ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891, òyìnbó sì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Àwọn tí ètò náà kọ́ kò dúró gbàṣẹ. Ní oṣù Kẹjọ 1891, àwọn kan ní Èkó ti dá United Native African Church sílẹ̀. Ní 1892, Dandeson Crowther, ọmọ bíṣọ́ọ̀bù, kó àwọn ìjọ Bonny àti agbègbè rẹ̀ jọ sínú Niger Delta Pastorate; wọ́n kúrò lábẹ́ àkóso CMS, owó tí àwọn ọmọ ìjọ dá ni wọ́n sì fi ń san owó oṣù àwọn àlùfáà.