Itọ́ Àpọ̀jù Lẹ́nu: Ohun Tó Ń Fà Á, Àyẹ̀wò àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Lójúmọ́, itọ́ tó ń sun lẹ́nu ẹni tí ara rẹ̀ dá a tó ìdajì lítà sí lítà kan ààbọ̀. Èèyàn kì í mọ̀, torí bó ṣe ń sun ló ń gbé e mì. Ìgbà tó bá ń dà sáyà, tàbí téèyàn ò yéé tu ú, ló di ọ̀rọ̀ dókítà. Ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ wádìí ni pé: ṣé itọ́ ló pọ̀ jù, àbí gbígbé e mì ló nira?

Aboyún

Ó sábà máa ń bá èébì oṣù àkọ́kọ́ rìn, ó sì máa ń dínkù bí oyún bá ti ń dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àwọn kan ń lọ títí di ọjọ́ ìbí. Kì í pa ọmọ inú lára. Kí aboyún máa jẹun díẹ̀díẹ̀, kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kó sì máa fọ ẹnu. Bí oúnjẹ àti omi ò bá dúró nínú rẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ọmọdé

Itọ́ dídà kì í ṣe àìsàn fún ìkókó títí di nǹkan bí ọdún méjì. Bí ọmọ bá ti lé lọ́dún mẹ́rin tí itọ́ ṣì ń dà, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ọpọlọ wọn ló farapa, bóyá torí pé wọn ò tètè ké nígbà ìbí, tàbí torí ibà apọ́njú tí wọn ò tètè tọ́jú. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n máa fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ìkókó, torí ó lè fa ibà apọ́njú tó le. Kì í ṣe ayé ló ń ṣe ọmọ náà. Kíkọ́ ọ bó ṣe máa pa ètè dé kó sì gbé itọ́ mì, àti oògùn tó ń dín itọ́ kù, lè ràn án lọ́wọ́.

Àgbàlagbà

Eyín tó kẹ̀, egbò ẹnu, àrùn rọpárọsẹ̀ àti àwọn oògùn kan wà lára ohun tó ń fà á. Ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Èyí tí ò gbọdọ̀ dọ̀la

Bí itọ́ bá ṣàdédé ń dà lẹ́nu ẹni tó fọ́n oògùn sí oko kòkó, tàbí tó mu ọ̀tá píápíá, tí omi ń dà lójú rẹ̀, tó ń làágùn, tí èémí ò já gaara, májèlé ni. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fipá mú un bì. Ẹ mú ìgò oògùn náà dání lọ sílé ìwòsàn, torí abẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́gun rẹ̀ wà. Bákan náà ni ọmọ tí nǹkan há sí lọ́fun.

Ti ẹni tí ajá bù jẹ tún yàtọ̀. Bí digbòlugi bá ti dé orí itọ́ dídà àti ìbẹ̀rù omi, agbára káká lèèyàn fi ń yè é. Ọjọ́ tí ajá bá buni jẹ ni kí wọ́n ti fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì lọ gba abẹ́rẹ́.

Ní Iléṣà, Wesley Guild Hospital wà. Ní Òṣogbo, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọ̀ṣun wà. Èyí tó bá sún mọ́ni jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ sáré lọ.