Agbọ́nmágbẹ: Báǹkì Méjì Tó Di Ọ̀kan

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní Ọ̀jọ́ ló bi mí léèrè pé èdè wo ni "Wema". Ìwà rere ni ó jẹ́ lédè Swàhílì, àmọ́ èyí kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

Ní ọdún 1945, Olóyè Mathew Adékọ̀yà Òkúpè dá báǹkì kan sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Agbọ́nmágbẹ. Ẹ tú orúkọ náà wò: a-gbọ́n-má-gbẹ, omi tí a ń gbọ́n tí kì í gbẹ. Ìlérí ni fún ẹni tó fẹ́ fi owó pamọ́. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ kò kéré nígbà náà, nítorí ọ̀pọ̀ báǹkì ọmọ Nàìjíríà ló wó, tí owó àgbẹ̀ àti ti oníṣòwò bá wọn lọ. Òfin ọdún 1952 ló wá ní kí báǹkì ọmọ onílẹ̀ ní £12,500, ó kéré tán, kí ó tó gba ìwé àṣẹ.

Ẹ̀gbọ́n Agbọ́nmágbẹ ni National Bank of Nigeria, tí Dókítà Akínọlá Májà, T. A. Doherty àti H. A. Subair dá sílẹ̀ ní 1933. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbà á ní 1961. Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ Coker fi tú ìwé rẹ̀ yẹ̀wò ní 1962. Ní 1969, Agbọ́nmágbẹ náà bọ́ sọ́wọ́ àjọ tó ń ta kòkó fún ìjọba, ó sì di Wema. Ẹni tó bá fetí sí orúkọ yìí dáadáa yóò gbọ́ Western àti Marketing nínú rẹ̀.

Ní oṣù keje 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Soludo ti Báǹkì Àpapọ̀ kéde pé kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù náírà 25, dípò 2, kí 2005 tó parí. Báǹkì 89 di 25. Wema àti National para pọ̀, orúkọ National sì parẹ́. Àwọn kan ń dá Soludo lẹ́bi. Èmi kò sí lára wọn: kànga tí ìjọba ti ń gbọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ ni.

Wema fúnra rẹ̀ di báǹkì ẹkùn fún ọdún díẹ̀, ó sì gba àṣẹ gbogbo orílẹ̀-èdè padà ní 2015. Nígbà tí mo ròyìn tán, akẹ́kọ̀ọ́ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá àgbà òun tó wà ní Okokomaiko kò pè é ní Wema rí. Agbọ́nmágbẹ ni wọ́n ń pè é títí dòní.