Pápá Disc Golf: Eré Tí Iṣẹ́ Ọ̀wẹ̀ Gbé Kalẹ̀

Disc golf jẹ́ eré ìdárayá tí wọ́n ń fi díìsìkì ṣe, ìyẹn àwo ike pẹlẹbẹ tó jọ Frisbee tí àwọn ọmọdé ń jù síra wọn. Òfin gọ́ọ̀fù ló ń tẹ̀ lé: ẹni tí iye ìjù rẹ̀ bá kéré jù lọ ló borí. Orí pèpéle kékeré kan ni òṣèré ti ń ju èyí àkọ́kọ́. Ibi tí díìsìkì bá balẹ̀ sí ni yóò ti ju èkejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ títí díìsìkì yóò fi bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ onírin tí ṣéènì rọ̀ yí òpó rẹ̀ ká. Láti pèpéle dé apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ihò kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbẹ́ ihò. Pápá kan sábà máa ń ní ihò 9 tàbí 18, ó sì lè wà nínú igbó, lórí òkè tàbí ní etí odò.

Pápá tó lé ní 10,000 ló wà káàkiri àgbáyé lónìí, ọ̀fẹ́ sì ni èèyàn ń wọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í sì í ṣe àwọn olówó. Àwọn tó fẹ́ràn eré náà ló kó ara wọn jọ, tí wọ́n ṣán igbó, tí wọ́n po kọnkéré, tí wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ń ka orúkọ àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ nìkan, ìdajì ìtàn eré yìí ló mọ̀.

Kí apẹ̀rẹ̀ tó dé

Eré yìí kò ní ìyá kan ṣoṣo. Ní 1926, ní ìlú kékeré Bladworth ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan, orílẹ̀-èdè Kánádà, Ronald Gibson àti àwọn ọmọ ilé-ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ju ìdérí agolo sínú àwọn àmì róbótó tí wọ́n fà sórí iyanrìn ní ọgbà ilé-ìwé wọn. Tin Lid Golf ni wọ́n pè é. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dàgbà, tí kálukú bá tirẹ̀ lọ, eré náà kú.

Ní 1957, ilé-iṣẹ́ Wham-O ní California bẹ̀rẹ̀ sí ta àwo ike tí Fred Morrison ṣe, èyí tí wọ́n sọ ní Frisbee láìpẹ́ lẹ́yìn náà. Díìsìkì wá kún ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà. Ní 1965, George Sappenfield, tó ń bójú tó eré àwọn ọmọdé nígbà ìsinmi ilé-ìwé ní Fresno, rò ó pé àwọn ọmọ náà lè fi Frisbee ṣe gọ́ọ̀fù. Òrùka ike ńlá tí àwọn ọmọdé ń yí mọ́ ìdí ló fi ṣe àmì. Nígbà tó rí iṣẹ́ ní ìlú Thousand Oaks, ó ṣètò ìdíje níbẹ̀, Wham-O sì fi ohun èlò ràn án lọ́wọ́.

Ní òdì kejì orílẹ̀-èdè náà, ní Rochester, ìpínlẹ̀ New York, Jim Palmeri àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe irú eré kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọn ò sì mọ̀ pé ẹlòmíì ń ṣe é ní California. Igi, òpó iná, ohunkóhun tó bá dúró sójú kan ni wọ́n ń sọ díìsìkì lù. Ní 1974 wọ́n pe ìdíje ńlá kan, American Flying Disc Open, wọ́n sì fi ọkọ̀ Datsun tuntun ṣe ẹ̀bùn. Dan Roddick ló wa ọkọ̀ náà lọ sílé.

Títí di àsìkò yìí, eré wà, pápá kò sí. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá ti ṣeré tán, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa tún ṣe tàbí tí yóò tọ́jú.

Ed Headrick àti Oak Grove

Ed Headrick, tí wọ́n bí ní 1924, wà lára àwọn ọ̀gá ní Wham-O. Òun ló fi àwọn ìlà róbótó sí ẹ̀yìn Frisbee kó lè fò gẹ́rẹ́ láìgbọ̀n, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lórí rẹ̀ ní 1967. Ní 1975 ó la pápá disc golf sínú ọgbà ìgbafẹ́ Oak Grove, tí wọ́n ń pè ní Hahamongna Watershed Park báyìí, ní La Cañada Flintridge nítòsí Pasadena. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kà sí pápá àkọ́kọ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún eré náà, wọ́n sì ń ṣeré níbẹ̀ títí di òní.

Òpó lásán ni àmì ibẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́. Èrò ya lọ síbẹ̀, àríyànjiyàn sì bá wọn lọ: ẹnì kan á ní díìsìkì òun kan òpó, ẹlòmíì á ní kò kàn án. Èyí ló mú kí Headrick àti ọmọ rẹ̀, Ken, ṣe apẹ̀rẹ̀ onírin tó ní ṣéènì. Ṣéènì á dá díìsìkì dúró, díìsìkì á já sínú apẹ̀rẹ̀, ìró rẹ̀ á sì parí ẹjọ́. Ìwé ẹ̀tọ́ lórí apẹ̀rẹ̀ yìí jáde ní 1977.

Ní 1976 Headrick dá ilé-iṣẹ́ Disc Golf Association sílẹ̀ láti máa ṣe apẹ̀rẹ̀ tà. Lọ́dún yẹn kan náà ló dá ẹgbẹ́ Professional Disc Golf Association sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní PDGA, òun fúnra rẹ̀ sì ni ọmọ ẹgbẹ́ tó ní nọ́ńbà 001. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ó fa PDGA lé àwọn òṣèré lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa darí rẹ̀. Nígbà tó kú ní 2002, wọ́n po díẹ̀ nínú eérú rẹ̀ mọ́ ike díìsìkì gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́.

Ìdí tó fi di iṣẹ́ ọ̀wẹ̀

Apẹ̀rẹ̀ ló sọ eré yìí di ohun tó ń béèrè ilẹ̀, ìyọ̀ǹda àti òógùn. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà kò ní owó tí wọ́n máa ná sórí eré tí àwọn ará ìlú kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n ní ni ilẹ̀ tó ń ṣòfò: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí kò ṣe é gbá bọ́ọ̀lù, igbó tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀, etí odò tí omi máa ń bò. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ló dùn ún fi ṣe disc golf. Pápá gọ́ọ̀fù oníhò 18 lè gba éékà 100 sí 200, pẹ̀lú koríko tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa bomi rin, kí wọ́n sì máa gé ní gbogbo ìgbà. Ní disc golf, nǹkan bí éékà kan fún ihò kan lè tó, igi tó sì dúró lọ́nà ló ń fún eré ní adùn.

Bí àdéhùn ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ìlú dé ìlú nìyẹn: ìjọba ìlú á yọ̀ǹda ilẹ̀, àwọn òṣèré á yọ̀ǹda ara wọn. Apẹ̀rẹ̀ kan ń jẹ nǹkan bíi dọ́là 300 sí 500. Ibi tí ìjọba ò bá ti lè rà á, ẹgbẹ́ òṣèré á lọ bá oníṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, tàbí ìdílé tó fẹ́ fi rántí olóògbé wọn, orúkọ ẹni tó sanwó á sì wà lórí pátákó ihò náà. Àwọn ọmọ Boy Scouts náà kó ipa. Kí ọ̀dọ́ kan tó gba oyè Eagle Scout, ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ kan fún ìlú. Ọ̀pọ̀ ló ti fi pèpéle, bẹ́ńṣì, àní odidi pápá gba oyè yẹn.

Ní 1983 nǹkan yí padà. Dave Dunipace ṣe díìsìkì tí etí rẹ̀ mú, tó ń la afẹ́fẹ́ já, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ilé-iṣẹ́ Innova sílẹ̀. Díìsìkì tuntun yìí ń lọ jìnnà ju Frisbee lọ dáadáa. Àwọn pápá àtijọ́ wá kúrú jù. Wọ́n ní láti sún apẹ̀rẹ̀ síwájú, kí wọ́n wọ inú igbó sí i, kí wọ́n sì jìnnà sí ojú ọ̀nà àwọn tó ń rìn gbafẹ́, nítorí díìsìkì líle tó bá ba èèyàn lórí lè ṣe é léṣe. Iṣẹ́ tí ọ̀wẹ̀ ń ṣe pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń la pápá

Iṣẹ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdá. Ìpàdé ló máa ń kọ́kọ́ gbà á. Àwọn òṣèré á lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n á ṣàlàyé eré náà, wọ́n á sì dáhùn ìbéèrè àwọn tí ilé wọn wà nítòsí: ṣé ariwo ò ní pọ̀, ṣé wọn ò ní gé igi, ta ni yóò kó ìdọ̀tí? Èyí lè gba oṣù, ó lè gba ọdún.

Bí wọ́n bá ti rí àṣẹ gbà, ẹni tó máa ya pápá á fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà léraléra. Ọ̀pọ̀ ń fẹ́ ṣe èyí nígbà òtútù tí ewé ti wọ́, torí ìgbà náà ni ojú lè rí bí ilẹ̀ ṣe lọ. Ó á fi rìbọ́nù sàmì sí igi tó gbọ́dọ̀ dúró àti ìwọ̀nba tó máa kúrò, ó á sì rí i pé ọ̀nà díìsìkì ihò kan kò gba orí pèpéle ihò mìíràn kọjá.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀wẹ̀ á wá pé. Sátidé ló sábà máa ń jẹ́. Àwọn kan á mú àdá àti ayùn wá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò nìkan ni wọ́n ń gbà láyè láti fọwọ́ kan ayùn ẹlẹ́ńjìnnì. Àwọn tó kù á máa wọ́ ẹ̀ka igi jáde, wọ́n á máa hú kùkùté, wọ́n á sì máa sá fún ewéko kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní poison ivy, tó ń mú ara yún bíi wèrèpè. Ẹ̀ka tí wọ́n gé kì í ṣòfò. Wọ́n á lọ̀ ọ́ di èérún, wọ́n á dà á sí ojú ọ̀nà kí ẹrẹ̀ má baà gba ibẹ̀.

Pèpéle ni iṣẹ́ tó le jù. Kọnkéré ni ọ̀pọ̀ jẹ́, ó máa ń fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5 tàbí 6, ó sì máa ń gùn tó 10 sí 12, kí òṣèré lè ráyè sáré díẹ̀ kó tó jù. Ọkọ̀ kọnkéré kì í sábà rọ́nà wọ inú igbó, nítorí náà bárò ni wọ́n ń fi gbé e, bárò kan lẹ́yìn òmíràn, gun òkè, sọ̀ kalẹ̀. Ní ti apẹ̀rẹ̀, wọ́n á ri páìpù sínú kọnkéré, ẹsẹ̀ òpó á wọ inú rẹ̀, wọ́n á sì fi àgádágodo tì í. Ihò kan lè ní irú páìpù bẹ́ẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n lè máa gbé apẹ̀rẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, kí ilẹ̀ sì lè sinmi.

Láti Santa Cruz dé Finland

Ọ̀kan nínú àwọn pápá tí òkìkí wọn kàn jù ni DeLaveaga ní Santa Cruz, California, tí Tom Schot darí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1984. Orí òkè ni pèpéle ìkẹyìn wà, wọ́n ń pè é ní Top of the World, èèyàn sì lè rí òkun Monterey Bay láti ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn òṣèré ìlú náà ti ń tún un ṣe, ibẹ̀ náà ni ìdíje Masters Cup ti wáyé.

Ní Yúróòpù, kò sí ibi tí eré yìí ti ta gbòǹgbò tó Finland. Pápá Meilahti ní Helsinki ti wà láti àwọn ọdún 1980. Nígbà tó fi máa di 2020, pápá tó wà ní orílẹ̀-èdè náà ti lé ní 700, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀ lọ. Iṣẹ́ ọ̀wẹ̀, tí wọ́n ń pè ní talkoot, jẹ́ àṣà àtayébáyé wọn. Òun ni wọ́n fi ń kórè, òun ni wọ́n fi ń kọ́lé, òun náà ni ẹgbẹ́ eré ìdárayá fi ń tún pápá ṣe. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ra apẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ abúlé ló máa ń bójú tó ìyókù. Ní Estonia tó múlé gbè wọ́n, eré náà gbilẹ̀ débi pé ọmọ ibẹ̀, Kristin Tattar, gba ife àgbáyé àwọn obìnrin ní 2022 àti 2023.

Ohun tó ń ba pápá jẹ́

Ohun tó ń fa èrò wá náà ló ń ba ilẹ̀ jẹ́. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bá ń tẹ ojú kan náà, koríko á kú, ilẹ̀ á le, gbòǹgbò igi á yọ síta, òjò á sì wọ́ erùpẹ̀ lọ. Ní Austin, ìpínlẹ̀ Texas, pápá Pease Park lókìkí, ọ̀fẹ́ sì ni. Nígbà tó di nǹkan bíi 2011, ilẹ̀ àti igi ibẹ̀ ti jìyà débi pé ìjọba ìlú ti pápá náà pa. Ọgbà Roy G. Guerrero ni pápá mìíràn ti wáyé dípò rẹ̀.

Ìṣòro kejì ni àárẹ̀. Èèyàn máa ń pọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń la pápá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó lè ku àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n ń gbé gbogbo ẹrù. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ kan fi ń pín ihò fún ọmọ ẹgbẹ́: kálukú ní ihò tirẹ̀ tí yóò máa ṣán, tí yóò máa kó ìdọ̀tí rẹ̀. Àwọn mìíràn ń yọ díẹ̀ nínú owó ìdíje sọ́tọ̀ fún àtúnṣe.

Lónìí

Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti gbọ̀ngàn àti ilé ìdárayá pa, eré tí èèyàn lè ṣe níta gbangba láìfara kan ẹnìkejì rí àǹfààní. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ PDGA lọ láti nǹkan bí 53,000 ní 2019 sí nǹkan bí 71,000 lọ́dún yẹn. Owó ti wọ inú rẹ̀. Àwọn ayàpápá tó ń gba owó iṣẹ́ ti wà, bíi John Houck ní Texas, àwọn pápá tí èèyàn ń sanwó kó tó wọ̀ sì ń pọ̀ sí i. PDGA náà ní ibùdó tirẹ̀ láti 2007, nínú ọgbà Wildwood Park ní Appling, ìpínlẹ̀ Georgia.

Síbẹ̀, owó kò tíì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀wẹ̀. Owó lè ra apẹ̀rẹ̀ 18, kó sì po kọnkéré láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n igbó kì í wo ẹni tó sanwó kó tó tún hù. Bí ìlú kan bá fẹ́ la irú pápá yìí, kí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tó ṣe tán láti padà wá ṣán an lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n tó ka iye owó tó wà lọ́wọ́.