Link Olójú Ńlá: Ìjà Tí Fídíò Ìtọ́wò Kan Dá Sílẹ̀ Láàárín Àwọn Olólùfẹ́ Zelda

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Nintendo pe àwọn oníròyìn jọ sí ibi àfihàn tí wọ́n ń pè ní Space World ní ilẹ̀ Japan, kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ géèmù tuntun kan hàn wọ́n. GameCube ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Ó ku bí ọdún kan kí ó tó dé ọjà, nítorí náà wọ́n to fídíò kéékèèké pọ̀, kí àwọn ènìyàn lè rí ibi tí agbára rẹ̀ dé. Ọ̀kan nínú àwọn fídíò náà kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Link, akọni inú Zelda, ń bá Ganondorf, ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́, jà nínú gbọ̀ngàn òkúta kan tó ṣókùnkùn. Idà ń kọlu idà, ojú àwọn méjèèjì sì le koko. Ó parí síbẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí géèmù kò bá yín lára mu, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ṣókí. Ọdún 1986 ni The Legend of Zelda bẹ̀rẹ̀, Shigeru Miyamoto àti Takashi Tezuka ló ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ọmọkùnrin kan ló máa ń gbé idà láti gba ilẹ̀ Hyrule lọ́wọ́ ẹni ibi. Zelda ni orúkọ ọmọ ọba obìnrin inú ìtàn náà, Link ni orúkọ ọmọkùnrin. Bí ẹ bá ti ń pe ọmọkùnrin náà ní Zelda láti ọjọ́ yìí, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ pọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1998 ni Ocarina of Time jáde lórí ẹ̀rọ Nintendo 64. Ó tà ju mílíọ̀nù 7 lọ, títí di òní sì ni àwọn kan ṣì ń jiyàn pé kò sí géèmù tó dára tó o rí.

Ìdí nìyí tí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn fi wọ àwọn ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀. Nintendo kò sọ pé géèmù Zelda tó ń bọ̀ nìyí. Agbára ẹ̀rọ ni wọ́n ń fi hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi oṣù mélòó kan rin Hyrule já nínú Ocarina, tó wá rí Link kan náà tí ara rẹ̀ ń dán, tí gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ dà bíi ti ènìyàn gidi, kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ kó rò? Wọ́n gba fídíò náà bí ìlérí. Fún odidi ọdún kan ni wọ́n fi ń ro géèmù yẹn lọ́kàn, tí wọ́n ń kọ́ ọ fúnra wọn, yàrá kan lórí èkejì, láìsí pé ẹnikẹ́ni ní Kyoto ń bá wọn kọ́ ọ.

Space World ọdún 2001 dé, oṣù Kẹjọ bákan náà. Nintendo gbé fídíò Zelda tuntun jáde, gidi ni ti ọ̀tẹ̀ yìí, géèmù tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ ni. Link tó jáde síbẹ̀ kúrú. Orí rẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ tóbi bí ojú ológbò, àwọ̀ ara rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwọ̀ inú kàtúùnù. Cel shading ni wọ́n ń pe ọgbọ́n tí wọ́n fi kùn ún: dípò kí ìmọ́lẹ̀ máa yọ́ wọ inú òjìji díẹ̀díẹ̀, ìlà gbọọrọ ló máa pààlà láàárín méjèèjì, bí ẹni pé wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sórí ìwé. Nínú fídíò náà, àwọn ẹranko ẹlẹ́nu ẹlẹ́dẹ̀ ń lé Link, ó ń sá, ojú rẹ̀ sì ń yí padà bí ìbẹ̀rù àti ìgboyà ṣe ń gba ara wọn lọ́wọ́.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n ohùn àwọn tó bínú ló ròkè jù. Wọ́n sọ géèmù náà ní Celda. Wọ́n ní Nintendo ti sọ akọni àwọn di eré ọmọdé, wọ́n sì ń bi ara wọn pé ta ló jí Link ọdún 2000 gbé.

A wo fídíò méjèèjì tẹ̀lé ara wọn kí a tó kọ èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tí ì dáyé nígbà tí ìjà náà gbóná, nítorí náà a kò ní ìbínú kankan láti gbé wọ inú ọ̀rọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ hàn sí wa ni pé Link àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n sunkún lé lórí, ti gbó. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ère, irun rẹ̀ dà bí igi gbígbẹ́. Ti ọdún 2001 kò gbó. Bí wọ́n bá fi hàn wá lónìí pé ó ń jáde lóṣù tó ń bọ̀, a ó gbà gbọ́. Ìyẹn rọrùn fún wa láti rí báyìí, ó sì lè mú ká fi àwọn tó bínú ṣe ẹlẹ́yà. A kò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìbínú wọn nídìí.

Ẹ bá wa ṣírò. Ọmọ ọdún 12 tó ta Ocarina ní 1998 ti di ọmọ ọdún 15 ní 2001. Ẹ̀yin náà mọ bí ọmọ ọdún 15 ṣe ń rí: kò sí èébú tó dùn ún tó kí wọ́n pè é ní ọmọdé. Lásìkò kan náà, PlayStation 2 ti wà lọ́jà láti ọdún 2000, àwọn géèmù inú rẹ̀ sì ń pariwo pé ti àgbàlagbà làwọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001 gan-an ni Grand Theft Auto III jáde. Ní ilé-ìwé, ẹni tó ní ẹ̀rọ Nintendo ti ń gbọ́ pé ẹ̀rọ ọmọdé ló ń lò. Link ọdún 2000, pẹ̀lú idà àti ojú líle rẹ̀, ni ìdáhùn tó fẹ́ gbé lọ síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nintendo gba ìdáhùn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Nítorí náà, lójú tiwa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwòrán nìkan ni wọ́n ń jà sí. Ìtìjú wà nínú rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ náà? Eiji Aonuma ni olùdarí géèmù náà. Òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn fídíò ọdún 2000 yẹn rárá, torí lójú rẹ̀, ohun tí wọ́n ti ṣe rí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe. Wọ́n wá ọ̀nà mìíràn títí, kó tó di pé ayàwòrán kan níbẹ̀, Yoshiki Haruhana, ya Link kékeré olójú ńlá kan, tí gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Ojú ńlá yẹn níṣẹ́. Nínú géèmù náà, bí nǹkan pàtàkì bá wà nítòsí, ojú Link á yí sí ibẹ̀. Ẹni tó ń ta géèmù á tẹ̀lé ojú rẹ̀, á sì rí ohun tó yẹ kó rí. Nínú fídíò tó yára kọjá, ta ló lè mọ̀ pé ojú tí òun ń bú ni yóò máa júwe ọ̀nà fún òun?

Ariwo náà ya Miyamoto lẹ́nu. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà la fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí: ó ní kí wọ́n má fi nǹkan kan hàn mọ́, títí wọn yóò fi ní èyí tí àwọn ènìyàn lè fọwọ́ ara wọn ta. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ó jọ pé lójú Miyamoto, ní ti géèmù, àfojúbà pàápàá kò tó. Fídíò ìtọ́wò la ń pè é, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tọ́ nǹkan kan wò. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ máa ń ta díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ tó. Fídíò kò ta nǹkan kan sí wa lọ́wọ́, òórùn ọbẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò ni. Ní E3 ọdún 2002 ní Los Angeles, wọ́n gbé èyí tí ènìyàn lè ta sílẹ̀. Àwọn tó di ọ̀pá ìdarí rẹ̀ mú kò bínú tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

The Wind Waker jáde ní Japan ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2002, ó dé Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹta ọdún 2003. Ìwé ìròyìn Famitsu fún un ní 40 nínú 40. Ó tà ju mílíọ̀nù 4 lọ, èyí tó dára, ṣùgbọ́n tí kò sún mọ́ ti Ocarina.

Géèmù náà sì ní àléébù gidi, èyí tí kò sí nínú fídíò. Ilẹ̀ inú rẹ̀ ti rì sínú omi, erékùṣù láti erékùṣù ni Link ń gun ọkọ̀ ojú omi lọ. Òkun náà gùn. Ènìyàn á máa tukọ̀, á máa tukọ̀, kò ní rí nǹkan kan ju omi àti ẹyẹ lọ. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ìtàn parí, wọ́n á ní kó lọ máa wú àfọ́kù Triforce, mẹ́jọ lápapọ̀, nísàlẹ̀ òkun. Àkókò ti há mọ́ àwọn tó ń ṣe é, wọ́n yọ àwọn ibi ìjà kan kúrò, ó sì hàn. Gbogbo ẹni tó bú orí ńlá Link fún odindi ọdún kan, kò sí èyí tó mọ̀ pé òkun ló yẹ kí òun bẹ̀rù. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ta ló ń rí bí ọ̀nà ṣe jìn nínú fídíò ìṣẹ́jú kan?

Ẹ má sì rò pé ariwo àwọn olólùfẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Nintendo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Wind Waker kejì. Aonuma sọ ọ́ nígbà tó yá pé àwọn ará Nintendo ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí òun mọ̀ pé àwòrán bíi kàtúùnù ló ń lé àwọn ọ̀dọ́ tó ti dàgbà díẹ̀ sá. Wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2004, níparí ìpàdé Nintendo ní E3, fídíò kan jáde láìsí ìkéde kankan: Link àgbà, lórí ẹṣin, nínú ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀tá ń rọ́ bọ̀. Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn náà dìde, wọ́n ń kígbe, àwọn mìíràn ń sunkún. Miyamoto jáde sórí pèpéle pẹ̀lú idà àti asà lọ́wọ́. Ẹ wo fídíò àwọn èrò yẹn bí ẹ bá ráyè. Àgbàlagbà ni wọ́n, iṣẹ́ ló gbé wọn wá, wọ́n sì ń ké bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ tó sọnù padà wálé.

Géèmù yẹn di Twilight Princess, ọdún 2006, ó sì tà ju mílíọ̀nù 8 lọ. Ó dára. Àríyànjiyàn wà láàárín àwa tó kọ èyí lórí bóyá ó dára ju Wind Waker lọ, a kò sì rí ojú rẹ̀ yanjú. Àwa tó pọ̀ jù gbà pé ó rọ̀ mọ́ Ocarina jù, pé wọ́n ṣe é láti tu ẹnìkan nínú, ó sì hàn.

Nǹkan kan tún wà. Ẹni tí kò bá tí ì ta Wind Waker parí, kó fo ìpínrọ̀ yìí. Ní ìparí rẹ̀, ọba Hyrule àtijọ́ ní agbára láti gbé ìjọba rẹ̀ tó ti rì padà sókè. Ganondorf náà ń wá agbára kan náà, torí ìfẹ́ ilẹ̀ àtijọ́ kan náà. Ọba ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan Triforce, ó sì ní kí omi bo gbogbo rẹ̀ pátápátá, kí àwọn ọmọ méjèèjì lọ wá ilẹ̀ tiwọn. Géèmù tí wọ́n bú torí pé kò jọ ti àtijọ́ ló gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. A kò sọ pé wọ́n fi dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Lẹ́yìn náà, nígbà tí Nintendo fẹ́ mọ bí Zelda yóò ṣe rí lórí ẹ̀rọ Wii U, wọ́n gbé àwọn géèmù àtijọ́ mélòó kan, Twilight Princess wà lára wọn, sínú àwòrán tó mọ́ kedere. Wind Waker ló yà wọ́n lẹ́nu jù. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2013. Wọn kò gé orí Link kúrú. Ohun tí wọ́n tún ṣe ni òkun: wọ́n fi ìgbòkun tuntun kún un, èyí tó ń mú ọkọ̀ sáré ní ìlọ́po méjì, wọ́n sì dín iṣẹ́ wíwá àfọ́kù Triforce kù.

Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, ní E3 2011, Nintendo ti fi agbára Wii U hàn pẹ̀lú Link kan tí ara rẹ̀ dà bíi ti ènìyàn gidi, nínú tẹ́ńpìlì tó ṣókùnkùn, tó ń bá aláǹtakùn ńlá jà. Agbára ẹ̀rọ ni wọ́n ń fi hàn, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn tún gbà á bí ìlérí. Ní 2014, fídíò géèmù gidi jáde, èyí tó di Breath of the Wild ní 2017: koríko tútù, ojú ọ̀run gbòòrò, Link tí wọ́n kùn bí àwòrán orí ìwé. Lọ́tẹ̀ yìí, àríyànjiyàn tó gbòde ni bóyá Link nìyẹn tàbí ọmọbìnrin kan.