Yàrá Wà, Ilé Kò Sí: Àwọn Ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù Láyé Ṣólàńkẹ́

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ilé, ni a fi ń pe ògiri àti òrùlé. Òun náà la sì fi ń pe agbo ẹbí àti ìlú tí a ti wá. Bí ẹni tó wà lókè òkun bá ní òun ń lọ sílé, ẹni tó gbọ́ ọ ní láti wo ojú rẹ̀ dáadáa kó tó mọ̀ bóyá yàrá tó háyà ló ń lọ ni tàbí Abẹ́òkúta. Mo máa ń fi àpẹẹrẹ yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nípa ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn ọmọ wa tó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, mo rí i pé ibi ọ̀rọ̀ kékeré yìí gan-an ni bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ìlú náà ṣetán láti fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí àti wíìgì amòfin. Ilé ni kò fẹ́ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ṣe atọ́nà wa. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ó ti kàwé ní Fourah Bay ní Sierra Leone kó tó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ ní 1922 láti kọ́ iṣẹ́ amòfin. Òtútù pàdé rẹ̀ níbẹ̀, ìṣẹ́ pàdé rẹ̀, ẹ̀gàn náà kò sì gbẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé lẹ́tà nígbà náà. Bí owó bá tán lọ́wọ́ ọmọ tó wà lájò, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí igbe rẹ̀ tó dé Èkó, ó sì di ọ̀sẹ̀ mélòó kan mìíràn kí èsì tó padà wá.

Ìwà àwọn onílé ló burú jù. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí ìkéde yàrá nínú ìwé ìròyìn, á kọ̀wé, onílé á sì dá a lóhùn pé kó máa bọ̀. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Sàró tó ti Èkó lọ ló ń jẹ́ Williams, Johnson tàbí Cole. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í tú àṣírí ẹni nínú lẹ́tà. Ẹnu ọ̀nà ni àṣírí ti ń tú. Obìnrin onílé á ṣílẹ̀kùn, á wo àlejò láti orí dé ẹsẹ̀, á ní ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá náà tán ni, tàbí pé òun fúnra òun kò ní ohunkóhun nínú, àwọn ayálégbé yòókù ni kò ní í gbà. Ẹni tí wọ́n bá gbà pàápàá lè máa san owó tó ju ti òyìnbó tó wà ní yàrá kejì lọ. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn fún àfikún yìí lórúkọ, wọ́n ń pè é ní owó-orí àwọ̀. Ohun tó mú ìyà yìí ṣe kókó ni pé kò sí ẹni tó bú ọ, kò sí ẹni tó nà ọ́. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá máa bi ara rẹ léèrè lójú títì bóyá lóòótọ́ ni ẹnìkan ti gba yàrá náà.

Òfin kò dá sí i. Ní 1943, hótẹ́ẹ̀lì Imperial ní Russell Square kọ̀ láti jẹ́ kí Learie Constantine lo iye ọjọ́ tó ti gba yàrá sílẹ̀ fún, bẹ́ẹ̀ ọmọ Trinidad tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ nídìí kíríkẹ́ẹ̀tì ni. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó jàre ní 1944, gíní márùn-ún péré ni adájọ́ sì bù fún un. Òfin àtijọ́ tó de àwọn onílé ìtura ló fi jàre. Kò sí irú rẹ̀ fún ẹni tó ń fi yàrá ilé rẹ̀ háyà. Òfin tí wọ́n ṣe lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ní 1965 kò fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀rọ̀ ilé. Ó di 1968 kí wọ́n tó fi kún un. (Nígbà tí èmi náà lọ ṣe ìwádìí níbẹ̀ fún ọdún kan, aṣojú onílé kan ní kí n san owó oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Òfin ti dé, ẹ̀rín náà ti dé.)

Ṣùgbọ́n mo ti sáré ṣíwájú ìtàn. Ní 1924 ni wọ́n ṣe Àfihàn ńlá Ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, tí àwọn èrò ń wọ́ lọ wo àwọn ènìyàn Nàìjíríà bí ẹni ń wo ìran. Ìwé ìròyìn Evening News kọ ọ́ pé kò tíì pẹ́ tí jíjẹ ẹran ènìyàn àti idán fi wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ẹ rò ó wò: obìnrin onílé tó ka ìròyìn yìí láàárọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án. Ṣólàńkẹ́ kọ̀wé ìbínú sí ìwé ìròyìn West Africa. Amy Ashwood Garvey, ìyàwó àkọ́kọ́ Marcus Garvey, rí lẹ́tà náà, àwọn méjèèjì sì jọ dá ẹgbẹ́ Nigerian Progress Union sílẹ̀ lọ́dún kan náà.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Ògún 1925, Ṣólàńkẹ́ àti Herbert Bankole-Bright, dókítà ọmọ Sierra Leone, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n sì dá West African Students' Union sílẹ̀. Ẹ kó lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ẹ ó rí Wasu. Wọn kò jẹ́ kí ó lọ lásán: Wàásù ni wọ́n sọ ìwé ìròyìn wọn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1926. Èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, ẹ̀sìn Ìmàle ló mú un wọlé, àwọn Kìrìsìtẹ́nì gbà á, àwọn amòfin sì wá gbé e gun àtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dùn mọ́ mi pé ọ̀rọ̀ tó ti ṣe àjò tó bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ àjò yàn.

Wàásù nìkan kò sì bo ènìyàn lójú òtútù. Láti 1929 títí di 1932, Ṣólàńkẹ́ rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kiri, ó ń tọrọ owó ilé lọ́wọ́ àwọn ọba, oníṣòwò àti àwọn mẹ̀kúnnù. Ní 1933, wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé náà ní nọ́ńbà 62, Camden Road. Ọpẹ́olú, ìyàwó tó fẹ́ nínú ìrìn àjò yẹn, ló di ìyá ilé. Mo rò pé àwọn òpìtàn kò tíì yin obìnrin yìí tó. Ẹgbẹ́ lè fi ìpàdé àti ìwé ìròyìn gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan ní láti mójú tó oúnjẹ, aṣọ ìbora àti ọmọ tó ń ṣàìsàn lóru.

Ìjà tó tẹ̀ lé e kò mọ ní kékeré. Ní 1934, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ìjọba, ilé mìíràn tí wọ́n ń pè ní Aggrey House ṣí ní Doughty Street. Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìdẹkùn ni: ẹni tó gbà ọ́ sílé á mọ ẹni tó ń bẹ̀ ọ́ wò àti ohun tí ẹ jọ ń sọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn kò rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n kó lọ síbẹ̀. Ní tèmi, ìfura náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n gbèsè kò mọ ẹni tó tọ̀nà. Owó ìjọba náà wà lára ohun tí wọ́n fi gba ilé tó tóbi jù ní Camden Square ní 1938.

Ṣólàńkẹ́ kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, ọdún méjì ṣáájú òmìnira Nàìjíríà. Láàárín àkókò yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti ilé lọ ti ń mú ìyàwó àti ọmọ dání. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ onílé kò ti fẹ́ ọmọ nínú yàrá, tí bàbá àti ìyá sì ń kàwé, tí wọ́n tún ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kéde nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn tọ́ ọmọ. Àwọn ìdílé aláwọ̀ funfun ní Kent àti àwọn àgbègbè mìíràn gbà wọ́n, wọ́n ń gbowó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kan rí ìfẹ́ níbẹ̀, àwọn kan rí ìyà. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, bàbá tó ti gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ á dé, á bá ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá mọ́, á ní kó dìde, kí àwọn máa lọ sílé. Ọmọ náà á wo ìyá òyìnbó rẹ̀, nítorí inú ilé ni òun ti wà.