Ẹlẹ́hàá àti Ọ́fíìsì Ìjọba ní Quebec

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹwàá, ọdún 2017, ilé aṣòfin Quebec ní Kánádà sọ Àbá 62 di òfin. Ìbò 66 gbè é, 51 kọ̀ ọ́. Abala kẹwàá rẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀: òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ bojú lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó bá sì wá bá a fún ohunkóhun gbọ́dọ̀ ṣíjú. Òfin náà kò dárúkọ Ìsìláàmù. Ṣùgbọ́n ta ni í bojú lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, bí kò ṣe ẹlẹ́hàá?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Títí di nǹkan bí ọdún 1960, Ìjọ Kátólíìkì ló ni agbára lórí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Quebec gba ara wọn lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò fẹ́ kí ẹ̀sìn kankan tún sún mọ́ ìjọba. Ìfura yẹn yé mi. Èyí tó dùn mí ni pé ní 2010, wọ́n lé obìnrin ará Íjíbítì kan kúrò ní kíláàsì èdè Faransé nítorí níkàbù tó fi bojú, bẹ́ẹ̀ èdè yẹn gan-an ni Quebec ń bẹ àlejò pé kó kọ́.

Lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, mínísítà Jason Kenney pàṣẹ ní 2011 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bojú búra láti di ọmọ onílùú. Zunera Ishaq, ọmọ Pakistan, pe ìjọba lẹ́jọ́. Ó ní òun yóò ṣíjú fún òṣìṣẹ́ obìnrin ní kọ̀rọ̀ kí ìbúra tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ni. Ó jàre, ó sì búra ní oṣù Kẹwàá 2015.

Ní ti Àbá 62, mínísítà ìdájọ́, Stéphanie Vallée, kọ́kọ́ ní kí obìnrin ṣíjú títí ìrìn àjò bọ́ọ̀sì yóò fi parí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi yí i padà: ó di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wo káàdì tó ní fọ́tò. Ilé ẹjọ́ dá abala kẹwàá náà dúró lẹ́ẹ̀mejì, ní oṣù Kejìlá 2017 àti oṣù Kẹfà 2018.

Ìjọba François Legault gbé Òfin 21 dé ní 2019. Èyí ní kí ẹni tó wá gba ohun kan ṣíjú kìkì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́ tàbí nítorí ààbò. Ohun tí Ishaq ti fínnúfíndọ̀ gbà láti ṣe nìyẹn.