Pátákó Ìtẹ̀wé àti Ọ̀nà Mẹ́ta Tí A Fi Ń Kọ Orúkọ Ìlú Kan

Ìlú kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń kọ orúkọ rẹ̀. Nínú ìwé ìjọba tí a fi Faransé kọ, Savè ni. Nínú ìwé tí a tẹ̀ ní Nàìjíríà, Ṣábẹ̀ ni. Bí a bá sì fi álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dún lẹ́nu àwọn ọmọ ìlú náà, Cábɛ̀ ni. Olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Sakin, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn àgbègbè ìlú yìí, lè nílò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ọjọ́ kan: fún ìjábọ̀ sí ọ́fíìsì, fún ìwé tí ó ti ìhà kejì ààlà wá, àti fún ẹ̀kọ́ tí yóò fi lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Ìṣòro yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Nígbà tí ìpàdé àwọn míṣọ́nnárì ní Èkó fìdí àkọtọ́ Yorùbá múlẹ̀ ní 1875, àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ti wà nínú ìwé Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé lè rọ irin fún un. Ẹni tí ó jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé orí tábìlì tí a ṣe fún Faransé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní láti tẹ e àti o gbọọrọ, kí ó wá fi báírò tọ́ àmì sí abẹ́ wọn lẹ́yìn tí ó bá yọ ìwé náà tán. Àìmọye àmì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbé sọnù.

Ní 1975, ọdún tí Dahomey gba orúkọ Bénin, ìjọba fi òfin gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè náà kalẹ̀. Nínú rẹ̀, ɛ àti ɔ ni a ń lò dípò ẹ àti ọ. Sh sì ni a ń kọ dípò ṣ. Ìpàdé Niamey ní 1978 fẹ́ kí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kárí Áfíríkà. Ní 1984, Michael Mann àti David Dalby gbé pátákó ìtẹ̀wé kan jáde láti inú ìlànà náà. Kí àyè lè gba lẹ́tà tuntun, wọ́n yọ gbogbo lẹ́tà ńlá kúrò. Àdánwò onígboyà ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọba? Kò yani lẹ́nu pé pátákó náà kò tàn kálẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kò tètè mú ìtura wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan ń fi ɛ rọ́pò àwòrán lẹ́tà Faransé kan. Bí a bá gbé fáìlì náà lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, lẹ́tà Faransé náà ni yóò tún yọjú. Unicode, tí ìdìpọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ni ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo títí di òní: ẹ ni a ń tẹ̀, kí a tó fi àmì ohùn lé e lórí.

Pátákó Faransé tí ó bá Windows wá ní é, è, à àti ù lójúkan. Kò ní á, í, ó tàbí ú. Ìdí nìyí tí “Savè” fi rọrùn láti tẹ̀ ní Sakin, tí “Ṣábẹ̀” kò sì rọrùn. Pátákó Yorùbá ti Windows, ẹ̀wẹ̀, Nàìjíríà ni a ṣe é fún, ìtòlẹ́sẹẹsẹ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì tẹ̀lé. Alt ti apá òsì pẹ̀lú Shift ni a fi ń kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì; láti Windows 8 ní 2012, bọ́tìnì Windows pẹ̀lú bọ́tìnì àlàfo ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ibí gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Bí ìka bá ṣèèṣì kan àwọn bọ́tìnì náà, ọwọ́ tí Faransé ti mọ́ lára yóò tẹ “omi”, yóò rí “o;i”; “ilé” yóò di “il2”. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà lórí ìwé tí ó ń dà kọ lè tẹ ìlà mẹ́ta kí ó tó mọ̀.

Bí èdè bá jẹ́ méjì, ìyípo yìí ṣeé fara dà. Bí ó bá di mẹ́ta, ẹni tí ń tẹ̀wé kò ní mọ ibi tí ó wà mọ́. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a fún pátákó kọ̀ọ̀kan ní àbùjá tirẹ̀ nínú ètò ẹ̀rọ náà: Ctrl, Shift àti 1 fún Faransé, 2 fún ẹ àti ọ, 3 fún ɛ àti ɔ, kí a sì pa Alt pẹ̀lú Shift tì. Keyman, tí ó bọ́ sọ́wọ́ àjọ SIL ní 2015, gbà kí a ṣe bákan náà fún àwọn pátákó tirẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni irú ètò yìí ń bá gbé. Níbi tí olùkọ́ mẹ́ta bá ti ń pín ẹ̀rọ méjì lò, àfi kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí nọ́ńbà kan náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí páálí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó ìtẹ̀wé náà.